Bí ewì apanilẹ́rìn-ín ṣe ń ṣiṣẹ́ létí olùgbọ́

Ẹni tó ń ka ewì nínú ìwé lè padà sẹ́yìn. Bí ìlà kan bá rú u lójú, á tún un kà. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣàjèjì, á béèrè. Bí oorun bá ń kùn ún, á pa ìwé dé di ọ̀la. Ẹni tó jókòó síwájú akéwì kò rí èyí ṣe. Ìlà tó bá ti kọjá ti kọjá nìyẹn, òmíràn ti tẹ̀ lé e. Bí ọkàn olùgbọ́ bá dúró sẹ́yìn láti tú ọ̀rọ̀ kan, ìlà mẹ́ta á ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó dé. Ìdí nìyẹn tí èdè ewì àkàsétí fi máa ń rọrùn. Àwọn tó ń kọ ọ́ lè gbọ́ ìjìnlẹ̀ èdè dáadáa, àmọ́ etí ni wọ́n ń kọ ọ́ fún, wọ́n sì mọ ohun tí etí lè gbé lẹ́ẹ̀kan.

Ìrọ̀rùn nìkan kò tó, nítorí ọ̀rọ̀ tó rọrùn náà máa ń súni. Akéwì gbọ́dọ̀ mọ̀, bó ṣe ń kà á lọ, bóyá àwọn èèyàn ṣì wà lẹ́yìn òun. Ìdákẹ́jẹ́ kò lè sọ èyí fún un: ẹni tó ń ronú dákẹ́, ẹni tó ń tòògbé náà dákẹ́. Ẹ̀rín ló ń sọ ọ́. Ẹni tó rẹ́rìn-ín ti gbọ́, ó ti yé e, ó sì yé e lásìkò. (A yọ ẹni tó ń bá ọ̀gá rẹ̀ rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́ sílẹ̀.) Èsì tó ń padà dé ọ̀dọ̀ akéwì nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́ ni ẹ̀rín, òun ló sì fi ń mọ̀ bóyá kó yára, kó rọra, tàbí kó fo ibì kan.

Ẹ jẹ́ ká wo ìlà márùn-ún tí a kọ kìkì nítorí àlàyé yìí, kí a lè tú u palẹ̀:

Ìyàwó mi ní kí n ra tòmátì bọ̀.
Mo dọ́jà, mo béèrè iye.
Ìyá aláta wo ojú mi,
ó wo bàtà mi,
ó ní, "Bàbá, ọ̀fẹ́ ni wíwò."

Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́wàá kò mọ̀. Ìlà méjì àkọ́kọ́ kò gbìyànjú láti dùn rárá. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n gbé olùgbọ́ dé ọjà kíákíá, kó má tilẹ̀ rántí pé ewì ni òun ń gbọ́. Ìlà kẹrin ni ọgbọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Akéwì tó mọṣẹ́ á dúró díẹ̀ lẹ́yìn "bàtà mi", ìwọ̀n ìgbà tí ojú fi ń ti orí èèyàn sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Láàárín ìdúró yẹn, gbogbo ilé ti rí bàtà náà, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sẹ́ni tó sọ fún wọn bó ṣe rí. Ẹnì kan rí bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti jẹ, ẹlòmíràn rí sílípáàsì tí wọ́n fi wáyà so, ẹnì kan rí tara rẹ̀, ó sì rọra fa ẹsẹ̀ sábẹ́ àga. Bí akéwì bá kọ "ó wo bàtà mi tó ti gbó", ó ti bá wọn ṣe iṣẹ́ yẹn tán, ẹ̀rín á sì dín kù.

Ẹ tún wo bí gbólóhùn ìkẹyìn ṣe tò. "Ọ̀fẹ́ ni" ló kọ́kọ́ jáde, ó wá dà bíi pé ìyá náà fẹ́ fi tòmátì ta ọkùnrin yìí lọ́rẹ. Lẹ́yìn náà ni "wíwò" dé, ó gba gbogbo rẹ̀ padà. Bí a bá ní "Wíwò ò lówó, Bàbá", ìtumọ̀ kò yàtọ̀, àmọ́ ẹ̀rín á ti bẹ̀rẹ̀ kí "Bàbá" tó jáde lẹ́nu, "Bàbá" á sì rì sínú ariwo. Bẹ́ẹ̀ "Bàbá" yẹn ló gbé ọ̀rọ̀ náà dúró: obìnrin náà kò bú u, ó bọ̀wọ̀ fún un, ó sì lé e lọ. Ọ̀rọ̀ tó ń pani lẹ́rìn-ín ló gbọ́dọ̀ kẹ́yìn. Ohunkóhun tó bá tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀, èrò ò ní gbọ́ ọ.

Ìṣòro tó kù ni ìgbà tó yẹ kí akéwì tún lanu. Bó bá tètè wọlé, ẹ̀rín á bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn èèyàn á sì kọ́ láti má ṣe rẹ́rìn-ín mọ́, kí ọ̀rọ̀ má bàa kọjá wọn. Bó bá dúró jù, ilé á tutù. Àwọn àgbà níbi iṣẹ́ yìí máa ń wọlé nígbà tí ẹ̀rín ti ń lọ sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì tán:

Mo padà sílé, mo jókòó,
mo ń ròyìn tòmátì.
Àwọn ọmọ ń fi ìròyìn jẹ ẹ̀bà.

Ẹ̀rín kejì yìí kì í gùn tó ti àkọ́kọ́. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà apá kan ilé á dákẹ́ lójijì, nítorí wọ́n ti rí àwo ọbẹ̀ tó ṣófo. Ká ní akéwì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ebi ń pa àwọn ọmọ mi", olùgbọ́ á ti gbé ojú àánú wọ̀, ojú kan náà tí gbogbo wa máa ń gbé wọ̀ fún ìròyìn aago méje, tí a ó sì bọ́ sílẹ̀ bí ìròyìn bá ti tán. Ẹ̀rín kò jẹ́ kó ráyè gbé e wọ̀. Ojú lásán ni ọ̀rọ̀ ebi bá a.

Gbogbo èyí nílò èrò. Robert Provine, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí nípa ẹ̀rín, rí i pé èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín ní nǹkan bí ìlọ́po 30 láàárín àwọn ẹlòmíràn ju ìgbà tó bá dá wà lọ. Ẹ̀rín a máa ranni. Nítorí náà ni ewì tó mú gbọ̀ngán kan gbóná ṣe lè dà bí ewì lásán nígbà tí ẹnì kan bá kà á nínú yàrá rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ewì náà.

Ní Chicago, Marc Smith, òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ tó ń kéwì, ló sọ nǹkan wọ̀nyí di ètò tó ní òfin. Àpéjọ ewì ìgbà náà ló sú u: akéwì á dorí kodò sínú ìwé, á máa kùn, àwọn akéwì ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì máa mi orí. Ní 1984 ó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ nílé ọtí kan tí wọ́n ń pè ní Get Me High. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 1986, ó gbé ìdíje tó pè ní slam lọ sí Green Mill, ilé ọtí olórin jáàsì tí orúkọ Al Capone, olórí ọ̀daràn ayé àtijọ́, ṣì lẹ̀ mọ́ dòní, ní alaalẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ibi tó yàn yẹn ṣe kókó. Ọtí ni ọ̀pọ̀ wọn wá mu níbẹ̀. Akéwì tí kò bá lè gba etí wọn lọ́wọ́ ìgò, kó lọ jókòó.

Nínú slam, akéwì gbọ́dọ̀ ka ewì tó fúnra rẹ̀ kọ. Ìṣẹ́jú 3 ló ní, pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 10 tí wọ́n fi jì í. Lẹ́yìn ìyẹn, ìṣẹ́jú àáyá 10 kọ̀ọ̀kan tó bá lé lórí yóò gba ìlàjì máàkì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí aṣọ eré, kò sí ìlù, kò sí ẹrù lọ́wọ́. Adájọ́ 5 ni wọ́n máa ń fà yọ láàárín èrò, wọn ò sì béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á fún ewì ní máàkì láti 0 dé 10, wọ́n sì lè fún un ní irú 7.8 tàbí 9.1. Wọ́n á yọ èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù, wọ́n á ro mẹ́ta tó kù pọ̀, kò sì lè ju 30 lọ. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan tí kò sí nínú ìdíje á kọ́kọ́ kéwì kí àwọn adájọ́ lè fi tirẹ̀ dán ọwọ́ wò. Akéwì ìrúbọ ni wọ́n ń pè é. Síbẹ̀, máàkì máa ń ga sí i bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, nítorí ọtí ti wọra, ara ti yá. Ẹni tí ìbò bá mú láti kọ́kọ́ bọ́ síta mọ̀ pé òun ti jẹ gbèsè.

Èrò Green Mill kì í sì í dákẹ́ jìyà. Bí ewì bá sú wọn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìka. Bó bá ṣì ń lọ, wọ́n á máa fẹsẹ̀ lulẹ̀. Smith fúnra rẹ̀ kò yọ: bó bá ti dárúkọ ara rẹ̀ lórí ìtàgé, gbogbo ilé á dá a lóhùn pé kí ló wá kàn wọ́n. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ló ń kọ́ akéwì ní èdè tààrà. Ìṣẹ́jú 3 kò fàyè gba ìtàn ìran àtijọ́ tó nílò àlàyé, adájọ́ tó ń mu bíà kò sì ní forí ṣe wàhálà. Ní 1990, San Francisco gba àlejò ìdíje àpapọ̀ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́, ètò náà sì ti kọjá òkun lọ sí ọ̀pọ̀ ìlú láti ìgbà náà.

Ó ní àléébù, kò sì kéré. Nígbà tí ẹ̀rín bá ti di máàkì, àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í lé máàkì: àwàdà tí wọ́n gé sí ìlà-ìlà, tí wọ́n pè ní ewì. Àwọn mìíràn á gba ọ̀nà kejì, wọ́n á máa pariwo ọgbẹ́ ọkàn, nítorí ta ni adájọ́ tó máa fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀ ní 4? Ọ̀nà tó dára láti fi yẹ irú ewì bẹ́ẹ̀ wò ni kí a gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀rọ̀ bàtà òkè yìí kò ní pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìlà ẹ̀bà ṣì máa ta.

Kì í ṣe ìdíje nìkan ni ọ̀nà tó wà. Pam Ayres fi ohùn ará oko rẹ̀ ka ewì lórí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1975, orúkọ rẹ̀ sì di mímọ̀ kárí ilé. Billy Collins, tó jẹ́ akéwì àgbà tí wọ́n yàn fún Amẹ́ríkà láti 2001 dé 2003, ṣètò ewì 180, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́dún, kí àwọn ọmọ ilé ìwé girama kàn máa gbọ́ ọ: kò sí ìbéèrè, kò sí iṣẹ́ àṣetiléwá.

Àwa ní tiwa, ó sì ti pẹ́. Ní Kétu àti agbègbè Yewa, òru Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí tí UNESCO bu ọlá fún ní 2001. Akọrin tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀fẹ̀ á bọ́ síta lóru, á fi orin bú ẹni tó ń ṣe ìṣekúṣe, á fi ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn elégbè á sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bí ègbè bá lágbára, ọ̀rọ̀ ti wọlé. Bó bá rọ, Ẹ̀fẹ̀ náà á gbọ́.

Nígbà tí Láńrewájú Adépọ̀jù àti Túbọ̀sún Ọládàpọ̀ gbé ewì lọ sórí rédíò àti àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, ètò yìí yí padà, torí ẹ̀rín kì í gba inú rédíò padà. Àwọn akéwì wá ọgbọ́n mìíràn dá sí i: kí wọ́n sọ ìlà tó ṣe kókó lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sọ òwe dé àárín kí olùgbọ́ parí rẹ̀ nílé, kí wọ́n fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ṣeré. Ó sì tún dára pé rédíò kan ṣoṣo ló máa ń wà ní agboolé nígbà náà. Akéwì kò rí wọn lóòótọ́, àmọ́ wọ́n rí ara wọn, ẹ̀rín ẹnì kan sì ń fa tẹlòmíràn.

Ti fóònù ló le jù. Ẹni tó fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sétí nínú dánfó tó ń gbọ́ ewì lórí WhatsApp dá wà láàárín èrò. Á rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò ní mọ ìdí. Á fi ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́ta. Bó bá jẹ́ fídíò Facebook ni, akéwì á rí iye ẹni tó wò ó àti iye ẹni tó pín in, ó sì lè pọ̀ ju èrò tó lè wọ gbọ̀ngán èyíkéyìí lọ. Ohun tí iye yẹn kò lè sọ fún un ni bóyá ibi bàtà ni wọ́n ti rẹ́rìn-ín, tàbí ibi ẹ̀bà.