Bí Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama Ìjọba Ṣe Dé Eteetí Ìlú Wa Nílẹ̀ Okun

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955, ètò náà kò kọjá ààlà. Yàgbà bá Èkìtì pààlà, Yorùbá sì ni wọ́n jọ ń sọ, ṣùgbọ́n abẹ́ Àríwá ni ìjọba òyìnbó ti ka Yàgbà, Ówé, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, àwa tí wọ́n ń pè ní Okun, sí. Ọmọ Èkìtì ń lọ sílé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn òbí Okun sì ń sanwó. Lójú tèmi, ohun tó kọ́ àwọn bàbá àti ìyá wa nìyẹn pé bí wọn kò bá fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ilé-ìwé, kò sí ẹni tí yóò bá wọn kọ́ ọ.

Àwọn oníṣẹ́ Ọlọ́run ló kọ́kọ́ ràn wọ́n lọ́wọ́. Tommy Titcombe, tí ẹgbẹ́ ajíhìnrere SIM (Sudan Interior Mission) rán wá láti Kánádà, dé Ẹ̀gbẹ̀ nílẹ̀ Yàgbà ní ọdún 1908, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ Titcombe College, ilé-ẹ̀kọ́ girama tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1951. Ìjọ Àgùdà àti Áńgílíkà náà kọ́ tiwọn sí Kábà. Ilé-ẹ̀kọ́ gidi ni wọ́n, àmọ́ ibùsùn wọn kò pọ̀, owó wọn kò sì kéré. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ̀wé ló parí sí oko tàbí sí ẹnu iṣẹ́ ọwọ́.

Ọdún 1976 ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ìjọba àpapọ̀ kéde ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, àwọn ọmọ tó wọlé lọ́dún náà sì ṣe tán ní 1982, ọdún kan náà tí ètò ọlọ́dún mẹ́fà-mẹ́ta-mẹ́ta-mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ (mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta àti mẹ́ta ní girama, mẹ́rin ní yunifásítì). Níbo ni kí wọ́n kó sí? Ìpínlẹ̀ Kwara ni wá nígbà náà, ìjọba kò sì lè dá ilé kọ́ fún gbogbo wọn. Àwọn ìlú wa dá owó jọ, àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó, Kàdúná àti Jọ́ọ̀sì fi tiwọn ránṣẹ́, àwọn ìyá pọn omi tí bíríkìlà fi po sìmẹ́ǹtì, ẹbí onílẹ̀ sì yọ̀ǹda ilẹ̀. Eteetí ìlú ni ilẹ̀ tó fẹ̀ tó wà, nítorí ilé-ìwé nílò pápá ìṣeré, oko àti àyè ilé olùkọ́. Ìjọba wá fi ọ̀gá ilé-ìwé àti olùkọ́ ránṣẹ́, ó sì kọ orúkọ ìpínlẹ̀ sára pátákó.

Bí ẹ bá dé irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, ríìmù ọkọ̀ tí wọ́n fi wáyà so mọ́ ẹ̀ka máńgòrò ni aago. Ọmọ tó ń ṣe táímù-kípà ni ó ń fi irin lù ú. Ọmọ tó bá pẹ́ yóò gba pọ́ṣọ̀n koríko, yóò sì fi àdá ara rẹ̀ ṣán an. Olùkọ́ fíṣíìsì àti ti ìṣirò kì í sábà tó, àwọn àgùnbánirọ̀ ló sì ti ń dí àlàfo yẹn láti ìgbà tí ètò wọn ti bẹ̀rẹ̀ ní 1973. Àgọ́ ìdálẹ́kọ̀ọ́ wọn wà ní Asaya, ní Kábà níhìn-ín, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń pín wọn lọ sí ìlú àti abúlé. Mo mọ ọ̀pọ̀ ẹni tí kì bá tí mọ kẹ́místírì rárá bí kò bá sí wọn, ó sì yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ju bí a ti ń ṣe lọ.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, tí wọ́n sì tún pátákó kùn. Láti ìgbà náà ni ìlú ti ń fẹ̀ bọ̀ lọ́nà ilé-ìwé, tó fi jẹ́ pé ibi tí ọmọ ti ń bẹ̀rù ejò nígbà kan ti di àárín ilé. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn: ẹnu lásán ni ọ̀pọ̀ ẹbí fi yọ̀ǹda ilẹ̀ náà, àwọn àgbà tó mọ ààlà ń kú lọ, àwọn kan sì ti ń ta etí pápá ní púlọ́ọ̀tì. Kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ tó tún dá owó òrùlé mìíràn, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ pe sọ̀fíyọ̀, kí àwọn àgbà tó kù bá a rin ààlà náà, kí ó sì ri òpó mọ́ ọn.