Omi kan, láàbù méjì, iye méjì

Bàbá kan láti Ìyàrá mú ìwé méjì wá bá mi ní Kàbbà. Omi kànga ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n gbé lọ sí láàbù méjì. Ọ̀kan ní irin inú rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 0.2 nínú lítà kan, èkejì ní 0.5, 0.3 sì ni ààlà fún omi mímu ní Nàìjíríà. "Ọmọ mi, èwo ló ń parọ́ nínú wọn?" Mo ní, "Bàbá, kí lẹ fi bu ú?" Ike tuntun ni wọ́n fi bu ti àkọ́kọ́. Garawa páànù tó ti dípẹtà ni wọ́n fi gba èkejì.

Ìyà yìí ti jẹ àwọn tó ń wọn èròjà inú omi òkun jù wá lọ. (Àwa tá a ń fi "Òkun" kí ara wa, òkun oníyọ̀ jìnnà sí wa, àmọ́ ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀.) Nínú kílógíráàmù omi òkun kan, iyọ̀ tó bíi gíráàmù 35. Irin ńkọ́? Lójú omi ní àríwá Pàsífíìkì, ó lè má ju nánógíráàmù 5 lọ. Ẹ pín gíráàmù kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, kẹ́ ẹ mú márùn-ún níbẹ̀. Ààlà omi mímu wa tó ìlọ́po 60,000 rẹ̀, ọ̀kẹ́ mẹ́ta géérégé. Ní Àgbájà, òkúta irin lèèyàn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Lójú agbami, ńṣe ni wọ́n ń wá a. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, irin ni wọ́n fi kan ọkọ̀ tí wọ́n gbé lọ bu omi náà! Clair Patterson, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, ló là wá lójú nípa òjé: ọ̀pọ̀ iye tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ṣáájú rẹ̀, òjé ọwọ́ àti ìgò ni, kì í ṣe ti òkun.

Torí náà, kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ wé ẹ̀rọ, omi kan náà ló gbọ́dọ̀ dé iwájú gbogbo wọn. Lọ́dún 2004, iṣẹ́ tí wọ́n pè ní SAFe bu omi púpọ̀ ní àríwá Pàsífíìkì, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, wọ́n sì pín in fún láàbù káàkiri. GEOTRACES, iṣẹ́ àjọṣe orílẹ̀-èdè púpọ̀ lórí èròjà inú òkun, tún rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ní 2008 àti 2009.

Ẹ̀rọ tó ń lo luminol, kẹ́míkà tó ń tan ìmọ́lẹ̀, ń jẹ́ kí irin fi ìmọ́lẹ̀ sọ iye ara rẹ̀. Ó gba orí ọkọ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ torí pé ọjọ́ náà gan-an lẹ máa mọ̀ pé ìgò kan ti dọ̀tí, nígbà tẹ́ ẹ ṣì lè bu òmíì. ICP-MS, ẹ̀rọ tó ń fi ìwúwo átọ́ọ̀mù dá èròjà mọ̀, lágbára jù ú lọ, àmọ́ ó ní ẹ̀tàn tirẹ̀: ágónì (afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń lò) tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 40, tó so mọ́ ọ́síjìn 16, di 56, ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú irin tó wọ́pọ̀ jù. Ẹni tí kò bá ṣọ́ra á ka afẹ́fẹ́ mọ́ irin.

Èyí tí mo gbára lé jù ni ti áísótóòpù, ìyẹn átọ́ọ̀mù èròjà kan náà tí ìwúwo wọn yàtọ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ ò mọ iye ẹ̀wà funfun tó wà nínú ọpọ́n kan. Ẹ da ẹ̀wà pupa 100 sí i, ẹ pò ó dáadáa, ẹ bu ìkúnwọ́ kan. Tí pupa kan bá bá funfun mẹ́sàn-án rìn, funfun 900 ló wà níbẹ̀. Ká tiẹ̀ ní ìdajì ọpọ́n dà nù lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti pò ó, ìṣirò náà ò yẹ̀. Irin 57 ni "ẹ̀wà pupa" tí wọ́n ń dà sómi òkun. Àmọ́ kò ṣeé ṣe fún mángáníìsì àti kóbáàtì: oríṣi kan ṣoṣo tí kì í yí padà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní, kò sí pupa tá a máa dà sí i.

Mo fún bàbá ní ike méjì tí mo fi ásíìdì fọ̀, kó pọn méjèèjì lẹ́nu ẹ̀rọ kan náà láàárọ̀ ọjọ́ kan náà. Màá fi ìkẹta kún un, omi tí mo ti mọ iye irin inú rẹ̀. Nọ́ńbà nìkan ni màá kọ sára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí láàbù má bàa mọ èwo ni èwo.