Tithi: bí àwọn Híńdù ṣe ń fi oṣùpá ka ọjọ́

Lọ́dún 2024, ọ̀pọ̀ èèyàn ní Íńdíà tan àtùpà Diwali, ọdún ìmọ́lẹ̀ àwọn Híńdù, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, àwọn mìíràn ò tan tiwọn títí di ọjọ́ kejì. Kì í ṣe pé ẹnì kan ṣi ọjọ́ kà. Tithi ló fà á.

Tithi ni ọjọ́ tí wọ́n ń fi oṣùpá kà. Ìgbà tí oṣùpá àti oòrùn bá wà lójú kan náà, tí a kì í rí oṣùpá rárá, ni kíkà ń bẹ̀rẹ̀. Bí oṣùpá bá ti fi dígírì 12 ṣíwájú oòrùn, tithi kan pé. Bó bá tún fi 12 mìíràn ṣíwájú, ìkejì pé. Kó tó yí dígírì 360 ká, tithi 30 ti kọjá, oṣù tuntun dé.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé eré oṣùpá kì í dọ́gba. Bó bá súnmọ́ ayé, á sáré. Bó bá jìnnà, á máa wọ́. Tithi kan lè jẹ́ nǹkan bí wákàtí 19, òmíràn lè tó 26, ó sì lè parí lọ́sàn-án gangan. Wọn ò kúkú lè máa pààrọ̀ orúkọ ọjọ́ nígbà tí ọjà ń lọ lọ́wọ́. Òfin wọn ni pé tithi tó bá wà lórí oyè nígbà tí oòrùn yọ ló ni ọjọ́ náà, títí oòrùn yóò fi tún yọ. Nítorí náà, bí tithi keje bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí oòrùn yọ, tó sì parí kí ti ọ̀la tó yọ, kò rí ọjọ́ kankan gbà nìyẹn: láti ọjọ́ kẹfà, ó di ìkẹjọ. Èyí tó bá gùn débi tí oòrùn yọ lẹ́ẹ̀mejì lójú rẹ̀, ọjọ́ méjì ni yóò jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Diwali tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Alẹ́ ni wọ́n ń tan àtùpà, torí náà alẹ́ tó bọ́ sínú amavasya, tithi tí oṣùpá kì í yọ, ni wọ́n ń wá. Amavasya ti 2024 bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ 31, ó parí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ní nǹkan bí àsìkò tí oòrùn ń wọ̀. Báwo lẹnu ṣe fẹ́ kò?

Panchang ni ìwé tí wọ́n ń kọ gbogbo èyí sí, pẹ̀lú àwọn àkókò rere àti búburú. Ti Delhi kò ṣeé lò ní London, nítorí ibi tí oòrùn ti yọ ni gbogbo rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní gúúsù Íńdíà, wọn kì í fi Rahu Kalam ṣeré, àsìkò tí kò dáa láti dáwọ́ lé nǹkan tuntun. Wọ́n á pín àárín ìyọ oòrùn àti wíwọ̀ rẹ̀ sí mẹ́jọ. Lọ́jọ́ Ajé, ìpín kejì ni. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìkeje. Bí oòrùn bá yọ láago mẹ́fà tó sì wọ̀ láago mẹ́fà, ti ọjọ́ Ajé á jẹ́ aago méje ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án. Ẹni tó fẹ́ fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ á dúró kó kọjá. Lójú tèmi, oṣùpá àti oòrùn ló jẹ́rìí sí tithi. Ti Rahu, ìgbàgbọ́ ni.

Muhurta ni wọ́n fi ń ṣà àsìkò rere. Ìṣẹ́jú 48 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, 30 ló wà láàárín ìyọ oòrùn kan sí èkejì. Èyí tó bọ́ sí ọ̀sán gangan, Abhijit, dáa fún ọ̀pọ̀ nǹkan, àfi lọ́jọ́rú, nítorí ọ̀sán gangan ni Rahu Kalam ti ọjọ́ yẹn ń bẹ̀rẹ̀.