Eré àti èdè ara ológbò

Eré ológbò jẹ́ ìwà ọdẹ tí kò fi dandan ní pípa ẹran nínú. Ológbò, tàbí ológìnní, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń jẹ́ Felis catus, a máa ba mọ́lẹ̀, a mi ìdí, a sì fò mọ́ nǹkan bó ṣe ń ṣe sí eku gan-an. Ní Akúrẹ́ àti Oǹdó, eku inú ilé àti ti ìsọ̀ àgbàdo ló ń mú kí ọ̀pọ̀ sìn ín.

Ìdàgbàsókè

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 ni ọmọ ológbò ń bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ jìjàkadì. Èyí tí wọ́n bá gé jẹ jù á ké, á fi eré sílẹ̀; bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń mọ ìwọ̀n eyín. Láti bí ọ̀sẹ̀ 7 sí 8, okùn, ewé gbígbẹ àti ṣùkù àgbàdo á wá di ohun ìṣeré.

Eré pẹ̀lú eku

Ọ̀pọ̀ ka ológbò tó ń ju eku sókè sí ìkà. Ó jọ pé ebi àti ìbẹ̀rù ló ń bá ara wọn fà á. Bí ebi bá ń pa á, tí eku sì kéré, kì í pẹ́ kó tó bù ú jẹ lọ́rùn. Bí eku bá tóbi débi tó lè gé òun náà jẹ, tàbí tí ebi kò fi bẹ́ẹ̀ pa á, á máa fi ẹsẹ̀ gbá a síwá sẹ́yìn títí yóò fi rẹ eku. A kì í fọwọ́ lásán gbé irú eku bẹ́ẹ̀: ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tí ibà Lassa ti ń ṣọṣẹ́ jù ní Nàìjíríà, eku ló sì ń gbé e kiri.

Èdè ara

Ìrù ni à ń kọ́kọ́ wò. Ìrù tó nàró, tí ṣóńṣó rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, ìkíni ni. Èyí tó ń lu sọ́tùn-ún sósì bíi pàṣán fi hàn pé inú ń bí i tàbí pé eré ti sú u. Kò rí bíi ti ajá, tó sábà máa ń ju ìrù nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn. Bí irun ara bá dìde, tí ẹ̀yìn tẹ̀ bí ọrun, ẹ̀rù ló sábà ń jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ológbò a máa fi ìdúró yìí ṣeré, á máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Etí tó lẹ̀ mọ́ orí kì í ṣe eré mọ́. Eré gidi kì í sábà láriwo. Èékánná á wà nínú àpò rẹ̀, wọ́n á sì máa lé ara wọn ní àlépadà. Kíkùn ṣòroó túmọ̀, nítorí ológbò tó ń jẹ̀rora náà a máa kùn.

Bíbá a ṣeré

Ìyẹ́ adìyẹ tí a so mọ́ igi sàn ju ìka ọwọ́ lọ. Okùn kò gbọ̀dọ̀ wà nílẹ̀ lẹ́yìn eré. Bó bá gbé e mì, ó lè dí ìfun rẹ̀. Ojú ibi tó bá ti gé ènìyàn jẹ, ọṣẹ àti omi ni à ń fi fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, ká tó gba ilé ìwòsàn lọ, nítorí àrùn dìgbòlugi.