Kí ló dé tí orin rọ́ọ̀kì àwọn onígbàgbọ́ fi ń pín àwọn olùgbọ́ níyà?

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn akọrin kan ní Amẹ́ríkà ti ń fi gìtá oníná àti ìlù rọ́ọ̀kì kọrin Jésù, síbẹ̀ orin náà kò tíì rí ibi tí gbogbo ènìyàn ti gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ ní ó ti jọ orin ayé jù. Àwọn tó fẹ́ràn rọ́ọ̀kì ní ó ti jọ ìwàásù jù. Ohun tó rú ni lójú níbẹ̀ ni pé ẹ̀sùn méjèèjì tako ara wọn, orin kan náà ni wọ́n sì fi kàn. Àwọn ìbéèrè tó máa ń jẹ yọ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá délẹ̀ nìyí.

Ìbéèrè: Ta ló bẹ̀rẹ̀ irú orin yìí?

Ìdáhùn: Larry Norman ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dárúkọ. California ló dàgbà sí, ilé iṣẹ́ Capitol sì gbé àwo orin rẹ̀, Upon This Rock, jáde ní ọdún 1969. Lásìkò yẹn, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ onírun gígùn tí wọ́n ti fi igbó mímu àti ìrìn kiri ṣayé ń yí padà sọ́dọ̀ Jésù ní ìpínlẹ̀ náà. Pásítọ̀ Chuck Smith ṣílẹ̀kùn ìjọ rẹ̀, Calvary Chapel ní ìlú Costa Mesa, fún wọn, kò sì ní kí wọ́n fi gìtá wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó di ọdún 1971, ìjọ náà ti dá ilé iṣẹ́ Maranatha! Music sílẹ̀ láti máa gbé orin wọn jáde. Ní oṣù kẹfà ọdún 1972, nǹkan bí 80,000 ènìyàn, tí púpọ̀ wọn jẹ́ ọ̀dọ́, péjọ sí Dallas fún àpéjọ Explo '72. Billy Graham wàásù níbẹ̀, Larry Norman àti Johnny Cash sì kọrin.

Èmi kò gbà pé ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n bí Sister Rosetta Tharpe, obìnrin aláwọ̀ dúdú, ní Cotton Plant, Arkansas, ní ọdún 1915, inú ìjọ Church of God in Christ ló sì ti mọ gìtá ta láti kékeré. Ní ọdún 1938 ó gbé orin ìjọ lọ sí Cotton Club ní New York, ilé ijó àti ilé ọtí, ó sì gba orin sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Decca lọ́dún kan náà. Inú ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ìjọ tó tọ́ ọ dàgbà kò dùn sí i, nítorí wọn kò rí bí ènìyàn ṣe lè kọrin Olúwa fún àwọn tó di ife ọtí lọ́wọ́. Fíìmù kan wà tí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ká sílẹ̀ ní ọdún 1964 ní ibùdókọ̀ ojú irin kan ní Manchester: àwọn òǹwòran jókòó sí apá kan ojú irin, ìyá náà wà ní apá kejì nínú kóòtù rẹ̀, ó gbé gìtá oníná funfun kọ́rùn, ó sì ń ta á bí ẹni pé ilẹ̀ kò tutù. Ẹni tó bá wò ó yóò rí i pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ni púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní rọ́ọ̀kì ti jáde lọ sí ìta. Ọdún 2018 ni Rock and Roll Hall of Fame tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ẹni iyì wọn, ọdún márùnlélógójì lẹ́yìn tó ti kú.

Ìbéèrè: Ṣé lóòótọ́ ni àwọn kan gbà pé ìlù rọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ní ẹ̀mí búburú nínú, bí ọ̀rọ̀ orin tilẹ̀ mọ́?

Ìdáhùn: Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbà á tọkàntọkàn. Bob Jones University ní Greenville, South Carolina, ka rọ́ọ̀kì léèwọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, kì báà jẹ́ orúkọ Jésù ni wọ́n ń pè nínú rẹ̀. Nínú ìwé àti ìwàásù tí àwọn alátakò ń gbé jáde láti àwọn ọdún 1960 títí wọ àwọn ọdún 1980, ohun kan tí wọ́n ń tẹnu mọ́ ni pé ilẹ̀ Áfíríkà ni ìlù náà ti wá, pé òun ni àwọn abọ̀rìṣà fi ń pe ẹ̀mí, àti pé ẹ̀mí yóò jẹ́ ìpè níbikíbi tí wọ́n bá ti lù ú. Àwọn kan tilẹ̀ ń tọ́ka sí ìwé kan tó jáde ní ọdún 1973, èyí tó sọ pé ewéko tí wọ́n bá ń lu rọ́ọ̀kì fún máa ń rọ, pé èyí tí wọ́n bá ń lu orin pẹ̀lẹ́ fún máa ń gbèrú. Bí ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ṣe wá di èyí tí wọ́n ń fi ewéko jẹ́rìí sí, mo fi í sílẹ̀ fún àwọn tó gbà á gbọ́.

Ẹ̀sùn yìí kan àwa ọmọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ìlù àwọn baba wa ni wọ́n ń fi ṣe àpẹẹrẹ láìdárúkọ rẹ̀. Mo sì rò pé ìmọ̀ tiwa lórí ìlù ló lè dáhùn rẹ̀ jù. A mọ̀ pé bàtá ni ìlù Ṣàngó, a kò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n a tún mọ̀ pé ẹni tó ń lu dùndún lè fi yin Ọlọ́run ní òwúrọ̀ kó sì fi ki olówó ní ìrọ̀lẹ́, awọ kan náà, ọ̀pá kan náà. Ohun tí onílù bá ní lọ́kàn ni ìlù ń sọ. Àwọn míṣọ́nnárì tó mú ẹ̀sìn Kristi wá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò fẹ́ gbọ́ èyí. Dùùrù àti ohùn orin ilẹ̀ wọn ni wọ́n fi kọ́ wa, ìgbà tí àwọn ìjọ Aládùúrà bíi Kérúbù àti Séráfù, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1925, sì dìde ni ìlù àti àtẹ́wọ́ tó wá gbilẹ̀ nínú ìsìn. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ka ìwé àwọn alátakò wọ̀nyí, ó máa ń hàn sí mi pé ìbẹ̀rù aláwọ̀ dúdú ló wọ agbádá ẹ̀kọ́ ìjọ. Orin Dáfídì 150 dárúkọ ìlù, ijó àti aro. Kò sọ irú ìlù tí a kò gbọdọ̀ lù.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ wọn tí kò yẹ ká fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó ti lo ọdún púpọ̀ nínú oògùn olóró, tó jẹ́ pé ìró gìtá bẹ́ẹ̀ ló ń gbọ́ ní gbogbo ibi tó ti ń lò ó, lè má fẹ́ gbọ́ ọ mọ́ rárá, nítorí ìró náà ń fà á padà. Pọ́ọ̀lù sọ ohun tó jọ èyí fún àwọn ará Kọ́ríńtì nípa ẹran tí wọ́n fi rúbọ sí òrìṣà: ẹran náà kò ní nǹkan kan nínú, àmọ́ ẹ̀rí ọkàn ẹni tó ń wò ọ́ bí o ṣe ń jẹ ẹ́ lè ṣàárẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sọ pé ìlù ní ẹ̀ṣẹ̀. Ó ní òun kò lè gbọ́ ọ láìrántí ibi tí òun ti ń bọ̀.

Ìbéèrè: Kí ni àwọn alátakò ṣe, kí sì ni àwọn akọrin fi dá wọn lóhùn?

Ìdáhùn: Jimmy Swaggart, oníwàásù orí tẹlifíṣọ̀n láti Louisiana, ni ohùn rẹ̀ rinlẹ̀ jù. Ní ọdún 1987 ó gbé odidi ìwé jáde lé orí ọ̀rọ̀ náà, níbi tó ti pe rọ́ọ̀kì àwọn onígbàgbọ́ ní ìkookò tó wọ awọ àgùntàn. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn ún gbọ́ lọ́nà mìíràn ni pé mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni Jerry Lee Lewis, ọ̀kan nínú àwọn òpó rọ́ọ̀kì ní àwọn ọdún 1950. Ìlú Ferriday kan náà ni wọ́n ti dàgbà, dùùrù ni àwọn méjèèjì sì kọ́ ní títẹ̀. Ọ̀kan fi tirẹ̀ kọ orin ayé, èkejì fi tirẹ̀ kọ orin ìjọ tó tà lọ bí omi. Ọwọ́ wọn lórí dùùrù kò sì jìnnà síra.

Ẹgbẹ́ Stryper láti California wà lára àwọn tó fara gba ìbáwí yẹn. Aṣọ aláwọ̀ yẹ́lò àti dúdú ni wọ́n ń wọ̀, irun wọn gùn, wọ́n ń kùn ojú, wọ́n sì máa ń ju Májẹ̀mú Tuntun sáàárín èrò láti orí ìtàgé, èyí tí Swaggart sọ pé kò yàtọ̀ sí kí ènìyàn da péálì síwájú ẹlẹ́dẹ̀. Àwo orin wọn ti ọdún 1986 tà ju mílíọ̀nù kan lọ ní Amẹ́ríkà. Àwọn áńgẹ́lì mẹ́rin tó ń ti èṣù sínú iná ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí iwájú èèpo rẹ̀. Ariwo tó tẹ̀lé e pọ̀ débi pé wọ́n yí i padà sí dúdú lásán. Àwòrán ìṣubú èṣù ni àwọn onígbàgbọ́ ń bínú sí!

Èsì tí èmi fẹ́ràn jù ni ti ẹgbẹ́ Petra, tó bẹ̀rẹ̀ ní Fort Wayne, Indiana, ní ọdún 1972. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn oníwàásù kan a máa yí àwo rọ́ọ̀kì sẹ́yìn lórí ẹ̀rọ, wọn a ní kí ìjọ tẹ́tí sí ohùn èṣù tó fara pamọ́ síbẹ̀. Petra mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀rọ̀ kan sínú àwo wọn ti ọdún 1982 lódì. Ẹni tó bá fi sùúrù yí i sẹ́yìn yóò gbọ́ ìbéèrè yìí: kí lo ń wá èṣù kiri fún, nígbà tó jẹ́ Olúwa ló yẹ kí o máa wá?

Ìbéèrè: Àwọn tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Kí ni wọ́n rí bínú sí?

Ìdáhùn: Ibí ni mo rò pé ẹ̀sùn tó lágbára jù wà. Ní àwọn ọdún 1980 àti 1990, ilé ìtàwé àwọn onígbàgbọ́ ní Amẹ́ríkà a máa lẹ ìwé kan mọ́ ògiri: orúkọ ẹgbẹ́ ayé wà ní apá kan, orúkọ ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ tí ìró wọn jọ tirẹ̀ sì wà ní òdìkejì, kí òbí lè mọ èyí tí yóò rà fún ọmọ rẹ̀ dípò èyí tí ọmọ ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ète náà dára, ṣùgbọ́n ohun tí ògiri náà ń jẹ́wọ́ ni pé ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ dá orin náà, pé àwọn tiwa kàn yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà ni. Rọ́ọ̀kì sì jẹ́ orin tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kò ní ṣàì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kó sọ òótọ́ ohun tó ń dun akọrin, títí kan iyèméjì àti ìbínú rẹ̀. Bí ìdáhùn bá ti wà nílẹ̀ kí orin tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní ìwàásù ni. Báyìí ni orin náà ṣe dàbí àdán, tí eku kò gbà, tí ẹyẹ kò gbà.

Kódà ẹni tí gbogbo ayé ti gbà ní ọ̀gá kò bọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí Bob Dylan, olókìkí akọrin Amẹ́ríkà, gba Kristi gbọ́ tó sì gbé àwo orin ẹ̀mí jáde ní ọdún 1979, ó kọ̀ láti kọ ọ̀kankan nínú àwọn orin àtijọ́ rẹ̀ nígbà tó ń ṣeré ní San Francisco lóṣù kọkànlá ọdún náà, ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ rẹ̀ sì fárígá.

Ìbéèrè: Ṣé owó kò sí nínú ìjà náà?

Ìdáhùn: Ó wà níbẹ̀ dáadáa. Ní ọdún 1992, EMI, ilé iṣẹ́ orin ayé, ra Sparrow, ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ orin onígbàgbọ́ tó tóbi jù. Ọdún kan ṣáájú rẹ̀ ni Amy Grant, tí orin ìjọ sọ di olókìkí, gbé orin ìfẹ́ kan dé ipò kìíní lórí àtẹ Billboard, èyí tó ń to àwọn orin tó gbajúmọ̀ jù ní Amẹ́ríkà. Ó ní ọmọbìnrin òun jòjòló ló mú òun kọ ọ́, àmọ́ orúkọ Jésù kò sí nínú rẹ̀, ọkùnrin tó bá a ṣeré nínú fídíò rẹ̀ kì í sì í ṣe ọkọ rẹ̀. Ẹni tó ti ra àwo rẹ̀ nítorí àdúrà tó wà nínú rẹ̀ rò pé wọ́n ti ta òun. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, ẹgbẹ́ Gospel Music Association, tó ń fún àwọn akọrin ní ẹ̀bùn Dove, ní láti kọ ọ́ sílẹ̀ irú ọ̀rọ̀ tó ń sọ orin di ti ìhìn rere. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ orin ni wọ́n ń díwọ̀n. Kò sẹ́ni tó béèrè ìlù mọ́.

Ìbéèrè: Ta wá ni orin náà wà fún gan-an?

Ìdáhùn: Ìbéèrè yìí ni mo rò pé ó bí gbogbo àwọn yòókù. Ẹni tó ń gbọ́ orin láti fi sin Ọlọ́run fẹ́ ọ̀rọ̀ tó dájú àti ohùn tí gbogbo ìjọ lè gbè; ẹni tó fẹ́ fi jèrè ọkàn fẹ́ ohun tí aláìgbàgbọ́ yóò fara balẹ̀ gbọ́; ẹni tó kàn fẹ́ orin tó dára fẹ́ kí akọrin ní òmìnira láti kọ nípa ìyàwó rẹ̀, ìṣẹ́ tàbí ikú. Kò sí àwo kan tó lè tẹ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́rùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí àwọn ẹgbẹ́ kan, bíi Switchfoot ti San Diego, fi máa ń sọ pé ìgbàgbọ́ ló sọ àwọn di Kìrìsìtẹ́nì, kì í ṣe irú orin tí àwọn ń kọ. Ọ̀rọ̀ náà gbà wọ́n lọ́wọ́ ìjà kan, ó sì dá òmíràn sílẹ̀, nítorí àwọn kan gbọ́ ọ bí ẹni pé wọ́n ń tijú Kristi.

Ìbéèrè: Ṣé ìjà náà ti parí?

Ìdáhùn: Èyí tó jẹ mọ́ ìlù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ní ọ̀pọ̀ ìjọ Amẹ́ríkà, àwọn onígìtá ló sì borí. Lónìí, owó àṣẹ orin ni wọ́n ń jà lé. Láti ọdún 1988 ni ilé iṣẹ́ CCLI ti ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ìjọ tó fẹ́ lo orin olórin, tó sì ń pín in fún àwọn tó ni orin. Nítorí èyí, àwọn ìjọ kan ti pinnu pé àwọn kò ní kọ orin Hillsong ti Sydney tàbí ti Bethel ní Redding, California, mọ́, nítorí wọn kò fara mọ́ ẹ̀kọ́ àwọn ìjọ wọ̀nyẹn, wọn kò sì fẹ́ kí kọ́bọ̀ kan gba ọwọ́ àwọn dé ọ̀dọ̀ wọn. Olórí akọrin irú ìjọ bẹ́ẹ̀ lè fi gìtá oníná méjì àti ìlù kíkún darí ìsìn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, kó sì yọ orin pẹ̀lẹ́ kan tí wọ́n fi dùùrù nìkan kọ kúrò nínú ètò, nítorí orúkọ ìjọ tó ni ín.