Wọ́n yí èdè inú áàpù ẹgbẹ́ padà, ìdánwò bá fìdí rẹmi: ṣé ká máa bẹ̀rù?

Àwọn tó ṣe áàpù tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Kubwa, l'Abuja, fi ń ṣírò èlé kọ̀wé sí wa pé àwọn ti fi JavaScript rọ́pò Lua (èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ni méjèèjì), ọ̀pọ̀ ìdánwò sì ti fìdí rẹmi. Ìpè ò dáwọ́ dúró láti ìgbà náà.

Ṣé owó wa ti sọnù ni?
Rárá. Inú ìdánwò ni àṣìṣe ti hàn, wọn ò tíì gbé kóòdù tuntun (àṣẹ tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà) síta.

Kí ni Lua ń ṣe níbẹ̀?
Èdè kékeré ni, láti yunifásítì kan ní Rio de Janeiro, lọ́dún 1993. Òun ni wọ́n fi kọ òfin èlé àti owó ìtanràn, kí wọ́n lè yí òfin padà láìtún gbogbo áàpù kọ.

Kí ni ìdánwò?
Kóòdù tó ń bi kóòdù mìíràn léèrè: èlé ìdá 5 nínú 100 lórí ₦10,000, èló ni? Bí kò bá dáhùn ₦500, ó fìdí rẹmi.

Òfin ò yí padà. Kí ló wá fà á?
Èdè méjèèjì kì í rí nǹkan bákan náà. Lua ń ka ẹni àkọ́kọ́ nínú àtòkọ sí 1, JavaScript ń kà á sí 0. Òdo jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni" fún Lua, ó jẹ́ "bẹ́ẹ̀ kọ́" fún JavaScript, nítorí náà ẹni tí gbèsè rẹ̀ jẹ́ òdo lè dà bí ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀ rárá.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ìròpọ̀. Bí fọ́ọ̀mù bá fi 5000 ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, tí kì í ṣe bíi nọ́ńbà, tí a wá ro 200 mọ́ ọn, Lua á sọ pé 5200. JavaScript á tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn: 5000200. Àwọn ìdánwò mìíràn sì wà tí kò léwu: láti Lua 5.3, 10 tí a pín sí 2 ń jáde bíi 5.0, JavaScript ń kọ 5.

Ṣé kí wọ́n kàn yí ìdáhùn inú ìdánwò padà?
Kí wọ́n má dán an wò! Ẹni tó bá da ohun tí kóòdù tuntun sọ kọ sínú ìdánwò ti sọ àṣìṣe di òfin. Inú ìwé òfin ẹgbẹ́ ni kí ìdáhùn ti wá. Kí wọ́n yẹ ìdánwò wò lọ́kọ̀ọ̀kan: bó bá jẹ́ ọ̀nà ìkọ̀wé Lua nìkan ló ń retí, kí wọ́n tún un ṣe; bó bá jẹ́ iye owó ló yàtọ̀, kóòdù ni kí wọ́n tún ṣe. Lẹ́yìn náà, kí kóòdù àtijọ́ àti tuntun jọ ṣírò àkọsílẹ̀ ọdún tó kọjá, kí a fi wọ́n wé ara wọn.

Kí ni kí àwa ṣe?
Ẹ tẹ àkọsílẹ̀ owó yín sórí ìwé báyìí, kí ẹ fi wé èyí tí ẹ ó rí lẹ́yìn àyípadà. Ẹ bi akọ̀wé ẹgbẹ́ pé ìdánwò mélòó ni wọ́n pa rẹ́, àti ìdí rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín pé òun nílò PIN yín nítorí àtúnṣe yìí, olè ni.