Kí Ló Dé Tí Fọ́tò Tó Dán Lójú Fóònù Fi Ń Ṣú Lórí Pépà?

Ìbéèrè: Mo fẹ́ fi fọ́tò màmá mi sínú férémù íǹṣì 16 sí 20 fún ayẹyẹ ọdún 70 wọn. Lójú fóònù mi, ó mọ́ kedere, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ tán, ojú màmá ò hàn dáadáa, gbogbo rẹ̀ sì ṣú. Ṣé ẹ̀rọ wọn ni kò dára ni?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ náà má jẹ̀bi rárá. Àwọn ẹ̀là àwọ̀ tíntìntín tí à ń pè ní píksẹ̀lì ló para pọ̀ di fọ́tò yín, bí a bá sì na fọ́tò, ńṣe ni ẹ̀là kọ̀ọ̀kan ń fẹ̀, wọn kì í pọ̀ sí i. Fọ́tò tí a óò mú lọ́wọ́ wò yẹ kó ní nǹkan bíi 300 píksẹ̀lì nínú íǹṣì kan. Fún èyí tí a óò gbé kọ́ ògiri, tí a óò máa wò láti òkèèrè, 150 tó, nítorí náà 2400 píksẹ̀lì ní fífẹ̀ àti 3000 ní gígùn ni férémù yín ń béèrè.

Ìbéèrè: Fóònù tí àbúrò mi fi yà á ní ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdáhùn: Báwo wá ni fọ́tò náà ṣe dé ọ̀dọ̀ yín? Bó bá jẹ́ orí WhatsApp ni wọ́n gbé e gbà gẹ́gẹ́ bí fọ́tò lásán, WhatsApp ti fún un pọ̀ kó lè tètè rìn. Bó bá ti di 1600 píksẹ̀lì ní gígùn, 80 péré ló kù fún íǹṣì kọ̀ọ̀kan. Ibí ni mo ti rí i tí iṣẹ́ ń bàjẹ́ jù lọ. Ẹ ní kí àbúrò yín fi ojúlówó rẹ̀ ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document. Kí ẹnikẹ́ni má sì tàn yín pé kí ẹ yí nọ́ńbà píksẹ̀lì inú íǹṣì kan láti 72 sí 300 nínú kọ̀ǹpútà, nítorí iye ojúlówó píksẹ̀lì tó wà nínú fọ́tò kò ní tìtorí ìyẹn yí padà.

Ìbéèrè: Ṣíṣú náà ńkọ́?

Ìdáhùn: Fóònù ń tan iná tirẹ̀, pépà kò ní iná, ìmọ́lẹ̀ yàrá ló gbára lé. Ẹ dín iná fóònù kù sí ìdajì, kí ẹ wá fi kún ìmọ́lẹ̀ fọ́tò náà fúnra rẹ̀ díẹ̀ nínú fóònù, pàápàá ní ojú, nítorí ibi tó bá dúdú ló kọ́kọ́ ń wọmi lórí pépà. Ẹ tún fúnra yín gé e sí ìwọ̀n 4 sí 5, torí pé 3 sí 4 ni ọ̀pọ̀ fóònù ń yà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀rọ lè gé gèlè màmá sọnù. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ kékeré kan, íǹṣì 4 sí 5, kí ẹ gbé e síbi tí oòrùn ti ń wọlé, kí ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó sanwó ti ńlá.